Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Aago

Gbogbo inú ọgbà yunifásítì náà ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Aago. Kì í ta aago ọwọ́, kì í sì í tún un ṣe. Aago pupa tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, èyí tó máa ń han gooro tí iná bá ṣẹ́ yọ kí àwọn èèyàn lè tètè sá jáde, òun ni tirẹ̀. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n nínú ọgbà náà, láti ilé ìkàwé títí dé ilé ìdáná àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí èyí tí kò mọ ìwà rẹ̀ nínú wọn. Ó mọ èyí tó máa ń wúkọ́ kó tó dún. Ó mọ èyí tí òjò kì í bá lára mu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì tíì sí ọ̀gá kan tó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ lè má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin gbọọrọ ni, èjìká rẹ̀ ti ń tẹ̀, irungbọ̀n funfun rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ti lẹ orúnkún ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lẹ̀ ẹ́ débi pé àlẹ̀mọ́ náà lẹ́wà ju ṣòkòtò lọ. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Yàrá náà há tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yíjú padà nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ jáde síta ná. Ibẹ̀ ló ń kó wáyà, gílóòbù, àti àwọn sílíńdà ìpaná tó ti gbó sí.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìdánwò aago. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kọ̀ọ̀kan. Bàbá Aago á ti kọ́kọ́rọ́ tó gbé kọ́ ọrùn bọ̀ ọ́, á yí i, aago á dún títí èèyàn á fi ka oókan dé ẹẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, á yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á mú káàdì tó so rọ̀ lábẹ́ aago, á kọ déètì, á wá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ti ń kọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n: “Ó dún dáadáa.” Á buwọ́ lù ú, ó di ọ̀dọ̀ èyí tó kàn.

Nítorí pé ariwo ìdánwò yìí ń dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn pé aago àjà tiwọn nìkan ni kí wọ́n máa dá lóhùn. Bó bá jẹ́ pé ti àjà mìíràn ni wọ́n ń gbọ́, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ wọn, Bàbá Aago ló ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá ṣẹ́ lóòótọ́, gbogbo aago ilé náà ni yóò jọ dún pọ̀, kálukú á sì gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni nígbà tó sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tó ń jáde lọ ló ń fi lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́, bí ẹni ń júwe ilé ìwẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ọgbà náà ni pé Bàbá Aago kò gbọ́ aago mọ́.

Kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Ohùn àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, kò sì kíyè sí i, torí ta ló ń ka ẹyẹ? Lẹ́yìn náà ni ṣíbí tí wọ́n fi ń ro tíì nínú ife. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ṣì ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń dà bíi pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń bá a sọ ọ́. Ọjọ́ Ajé kan ní ilé ìkàwé ló yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé aago ló kú. Ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sí i láti tú u, àfi bí aago náà ṣe ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yọjú látinú yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń ba ojú jẹ́. Bàbá Aago wo ọmọ náà, ó wo aago, ó mọ̀ pé kì í ṣe aago ló kú. Ó dúró lórí àpótí náà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí aago. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú káàdì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dún dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ló fi ń gbọ́ gbogbo wọn. Ọdún méjì gbáko.

Kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá a wí. Bàbá tó bí i lọ́mọ náà di adití lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń pariwo sí baba náà létí. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín nílé tí ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan kan, bàbá.” Baba náà kú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Bàbá Aago fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ ọ́, kò sì tíì dárí ji ara rẹ̀. Ní ọ́fíìsì wọn, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ iṣẹ́, ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé e lọ láti máa kọ nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé. Ó ku oṣù mẹ́rìnlá tí òun náà yóò fẹ̀yìn tì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ òun kò tíì purọ́ fún òun rí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ààbò ní kí wọ́n dán àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Mádáàmù ni wọ́n ń pe ọ̀gá yìí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló jẹ́ ní ọ́fíìsì náà nígbà tí Bàbá Aago ti jẹ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí i di ìsinsìnyí bí kò bá sí àlejò níbẹ̀. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ó tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú.

Àwọn àjà kìíní sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọ́n tò sábẹ́ nọ́ńbà wọn lórí pápá. Àwọn àjà kejì tẹ̀ lé wọn. Àwọn àjà kẹrin dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Lábẹ́ nọ́ńbà kẹta, ẹnì kan ṣoṣo ló dúró: ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì léjìká àti ìwé kékeré lọ́wọ́. Akọ̀wé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé kì í rìn láìmú ìwé yẹn dání. Adití ni láti kékeré. Ohun tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ, á kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Mádáàmù àti Bàbá Aago gun òkè lọ. Àwọn ọmọ méjìlélógójì ló jókòó jẹ́ẹ́ ní àjà kẹta. Ọ̀kan ń lọ aṣọ. Ọ̀kan ń gé èékánná. Méjì ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ bísíkíìtì ẹnì kejì.

“Ṣé ẹ ò gbọ́ aago ni?” Mádáàmù béèrè.

“A gbọ́ ọ mà,” ni ẹni tó ń lọ aṣọ wí. “Ṣùgbọ́n ti àwọn ará ìsàlẹ̀ ni. Tiwa ò dún. A rò pé Bàbá ló ń ṣiṣẹ́.”

Mádáàmù kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì bani lẹ́rù. “Ká ní iná ni ńkọ́?” Irin ìlọṣọ ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí wá, wọ́n tú aago àjà kẹta wò. Aṣọ ni wọ́n fi dí inú rẹ̀, aṣọ pupa bíi ti aago náà gẹ́lẹ́, tí wọ́n ká jọ tí wọ́n sì kì bọ abẹ́ ìdérí rẹ̀ kí òòlù kékeré inú rẹ̀ má lè rí irin lù. Òòlù náà ń lu aṣọ gbì gbì gbì, gbogbo ara aago ń gbọ̀n, ohùn kò sì jáde. Mádáàmù mú káàdì. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ló wà lórí rẹ̀: ó dún dáadáa, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. A jẹ́ pé ẹni tó fi aṣọ síbẹ̀ fi í síbẹ̀ láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀.

Òfin kan wà ní ọgbà náà pé yàrá tó bá sún mọ́ aago ni alágbàtọ́ aago, ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọn yóò ti béèrè ohunkóhun tó bá ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ni wọ́n ń buwọ́ lù ú. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yìí, Akọ̀wé àti ẹnì kejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ni ẹnì kejì náà ń kọ́, Nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń pè é ṣáájú kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo èèyàn gbà pé kò sí ohun tí adití fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ aago ṣe. Ó ku Nọ́ọ̀sì. Bó ṣe di pé ó jẹ̀bi nìyẹn kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

“Mà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀,” Nọ́ọ̀sì ń sọ, omi ti ń dà lójú rẹ̀. “Bóyá àwọn tó lo yàrá yẹn ṣáájú wa ni.”

Mádáàmù gbé káàdì sókè. “Bàbá dán an wò lọ́jọ́ Ajé. Ó dún. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé Bàbá purọ́ ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí bàbá náà. Bàbá Aago ń wo aṣọ pupa náà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ló fi wò ó, ohun tó sì rí kò rú u lójú rárá. Eruku ti di mọ́ inú àwọn ìṣẹ́po aṣọ náà bí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ìdọ̀tí irin ti ya àwòrán òòlù sí àárín rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ lu. Ọjọ́ mẹ́ta kò lè ṣe ìyẹn. Oṣù mẹ́fà ni, ó kéré tán. Fún oṣù mẹ́fà, lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ó ti ń gbé ọwọ́ lé aago tó ti yadi, ó sì ń kọ̀wé pé ó ń dún. Ó ṣí ẹnu. Ó pa á dé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ fi aago náà sí ipò rẹ̀.

Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan gbá tábìlì yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn pẹ́pẹ́. Akọ̀wé ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ wá láti òkè:

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo wà ní yàrá lọ́jọ́ Ajé nígbà tí ẹ wá. Mo rí yín láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ di ojú, ẹ gbé ọwọ́ lé aago. Aṣọ yẹn ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, etí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, mo rò pé ara rẹ̀ ni. Bàbá, ọwọ́ lẹ fi ń gbọ́.”

Bàbá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àṣà iṣẹ́ ni, pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Akọ̀wé wo ẹnu rẹ̀ títí, ó mi orí, ó gba ìwé náà padà, ó kọ ọ́ síbẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Irungbọ̀n yín bo ètè yín mọ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó ti ìwé náà padà sí ọmọ náà. Akọ̀wé tún kọ tirẹ̀:

“Èmi náà, ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì mi kan ògiri tí aago yẹn wà. Lánàá, mo ń ka ìwé lórí rẹ̀, irin bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo bá sá jáde. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ni etí mi nínú ilé yìí. Kò ṣe é, bàbá. Ẹ̀yin mọ̀ pé kò ṣe é.”

Ó ya ojú ìwé náà, ó ká a ní mẹ́rin, ó fi lé e lọ́wọ́ kó má bàa sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀, ó lọ. Inú Bàbá Aago bàjẹ́ ju bí ì bá ṣe bàjẹ́ lọ ká ní ṣe ni ọmọ náà halẹ̀ mọ́ ọn.

Nílé, ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń gbá etí aṣọ ilé ìwé ọmọ kan. Bàbá Aago gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà tó ń lọ sókè sódò, ó wo abẹ́rẹ́ tó ń já wálẹ̀, kò sì gbọ́ ìró kankan. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, òun kò ní lè jẹ oúnjẹ tán níwájú rẹ̀ mọ́.

“Ìyá wọn,” ó ní, “etí mi ti di.”

Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó yíjú sí i dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbẹ́ wo lára yín ni mo máa ń jókòó sí?”

“Ọ̀tún.”

“Láti ìgbà wo?”

Bàbá Aago ronú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀gbẹ́ òsì ni obìnrin náà máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

“Èyí tó sàn nínú méjèèjì ni mo ń bá lọ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Àbí ẹ rò pé mo kàn fẹ́ràn kí n máa pariwo lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni? Ó ti lé lọ́dún méjì, bàbá wọn. Mo ń retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún mi.”

“Kí ló dé tó ò bi mí?”

“Ẹ̀ bá parọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ kí irọ́ wà láàárín wa.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ náà wò bíi pé nǹkan kan ṣe é. Nígbà tí Bàbá Aago sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà fún un, aṣọ inú aago, omijé Nọ́ọ̀sì àti ìwé Akọ̀wé, kò bá a wí. Ó kàn béèrè bí ọmọ náà yóò ṣe kó ẹrù rẹ̀ tó bá di ọjọ́ Ajé, bóyá ó ní àpótí tàbí àpò ni yóò fi kó o. Ìbéèrè yẹn ló pa á. Títí dìgbà náà, ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń ká aṣọ sínú àpò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò gba ọ̀dọ̀ aago kankan lọ. Ọ́fíìsì Mádáàmù ló gbà lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, ó fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, Akọ̀wé sì dúró tì í. Bàbá Aago bọ́ kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

“Ọmọ yìí ò ṣe é. Aṣọ yẹn ti wà níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó wọlé. Èmi ni mi ò gbọ́ aago. Mi ò gbọ́ ìkankan nínú wọn mọ́ láti ọdún méjì.”

Mádáàmù rò pé ó ń fi ara rẹ̀ dí ọmọ náà ni. “Bàbá, báwo lẹ ṣe wá ń dán wọn wò?”

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.

Ohùn Mádáàmù ga tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Aago gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. “Ọmọ méjìlélógójì, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn lórí pápá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹni tí kò bá sí lórí ìlà, kí n kà á sí ẹni tó wà nínú iná.” Ó jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì máa padà sí yàrá rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ó wá ní gbogbo aago tó wà nínú ọgbà pátá ni wọn yóò tún dán wò, pé Bàbá Aago yóò tẹ̀ lé àwọn tó ń gbọ́ràn, kò gbọdọ̀ fo ìkankan.

Ọjọ́ márùn-ún ló gbà wọ́n. Nínú igba ó lé mẹ́rìnlá, méjì péré ni wọ́n tún bá tí kò dára. Ọ̀kan wà ní yàrá kẹ́mísírì, ó ti sán, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti agolo lọ. Èkejì wà ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Òwú ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lára, torí pé ó ń jí àwọn ọmọ lójú oorun. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn sọ ọ́ láìfi bò, kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló sùn lórí ẹní nínú yàrá náà nígbà tí wọ́n wọlé, ọ̀kan fi ìka sí ẹnu. Bàbá Aago jókòó sórí àga kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì sunkún. Àwọn tó wá pẹ̀lú rẹ̀ wo ibòmíràn. Ohun tó dùn ún jù ni pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò tún dá a lójú mọ́.

Kò tún dán àwọn aago wò mọ́. Ẹni méjì mìíràn ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ náà. Òun náà rò pé ẹnu géètì ló kàn, ó tiẹ̀ ti ra bírò tuntun. Ṣùgbọ́n Mádáàmù pè é, ó gbé ìwé gbọọrọ kan síwájú rẹ̀ tó fi rúlà fà ní òpó mẹ́rin: orúkọ, yàrá, ohun tí yóò fi mọ̀ pé iná ti ṣẹ́, ẹni tí yóò wá pè é. “Láti ọdún tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí,” ó kọ ọ́ sí ìwé, kò sọ ọ́, “a ò béèrè rí nípa àwọn tí kò lè gbọ́ àti àwọn tí kò lè sáré. Ẹ bá mi wá wọn kàn, bàbá. Mi ò mọ ẹni tó tún lè ṣe é.”

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀. Akọ̀wé ń bá a lọ bí kò bá ní kíláàsì, àwọn méjèèjì á kan ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wà nínú ilé á máa wò wọ́n bí ẹni rí ẹni tó ṣi ilé yà. Wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi igi rìn ní àjà kẹrin. Ó ti ka àtẹ̀gùn ilé náà, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ọjọ́ ìdánrawò, ṣe ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí títí wọ́n á fi ṣe tán. Wọ́n rí olùkọ́ kan tí kò ríran dáadáa tó bá ti kúrò lójú oòrùn. Wọ́n rí adití márùn-ún, tí mẹ́rin nínú wọn kò mọ ara wọn rí. Gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà lọ́nà tó yàtọ̀ síra: “Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.”

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ìwé náà fún Mádáàmù, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú yàrá iṣẹ́ Bàbá Aago. Akọ̀wé fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, ó yíjú sí bàbá náà, ó tún tọ́ka sí ìlà òfìfo tó kàn. Bàbá Aago wo òkè wo ilẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń bá wí. Ó gba bírò. Ó kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde, èyí tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó mọ̀ ọ́n. Ó kọ “yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.” Ó kọ “ọwọ́” sí òpó kẹta. Ó dúró ní òpó kẹrin. Òun nìkan ló ń dá wà nínú yàrá yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń wà ní títì nítorí eruku.

Akọ̀wé gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Aago wò ó. “Ìwọ tí o ò gbọ́?” Ó ya ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ ká irungbọ̀n kúrò lórí ètè.

Ọmọ náà ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ó fi hàn án: “Ní àjà kẹta, èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́sí.”

Bàbá Aago kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ìwé ńlá náà dé, ó fi sí abíyá, àwọn méjèèjì sì dìde, wọ́n gba ọ̀nà ọ́fíìsì lọ.